Kọ́ńdọ́ jọ́ìn wa: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ fún "join"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kọ́ńdọ́ ò ní ṣéńjì, nígbà tá a débẹ̀ ló bá na ẹgbẹ̀rún kan náírà kan ṣoṣo sí èmi àti màmá tó jókòó tì mí, ó ní "Ẹ̀yin méjèèjì, mo ti jọ́ìn yín o", kí n tó lanu ó ti ń pe èrò Ṣàgámù padà. Ẹni tó bá ń wọ bọ́ọ̀sì mọ ohun tó kù. Ṣe lèmi àti màmá jọ ń rìn kiri gáréèjì bíi tọkọtaya tó ń bára wọn jà, ọlọ́sàn ò ní ṣéńjì, oní píọ̀-wọ́tà ní àfi ká ra odidi báàgì, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ màmá lọ ra gúgúrú tí ò ní eyín tó máa fi jẹ ẹ́. Bó ṣe ń ka owó tèmi lé mi lọ́wọ́ ló bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lẹ tiẹ̀ ń pe jọ́ìn yìí ní Yorùbá? Ṣé 'so' ni àbí 'dà pọ̀'?"

Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ nǹkan fáwọn èèyàn, tí mo ń bá wọn yí Òyìnbó sí Yorùbá, káàdì ìnáwó o, òfin ẹgbẹ́ o, lẹ́tà o, mo lanu, mo tún pa á dé. Màmá wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa náà, tèmi ni pé ṣe ló so wá mọ́ra bí àgbò Iléyá méjì." Ó gbé agbọ̀n ẹ̀, ó lọ.

Mo rò ó títí mo fi padà dé Ṣàgámù. Ohun tí mo rí nìyí, mo kọ ọ́ fún ẹni tó bá ń tẹ káàdì bíi tèmi, tàbí tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì, tàbí tó kàn fẹ́ mọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó máa dúró fún "join". Kò sí. Òyìnbó ń wo ibi tọ́rọ̀ parí sí, pé nǹkan méjì ti fara kanra, ó tán. Yorùbá máa kọ́kọ́ bi ẹ́ pé, kí lo fi ṣe é? Okùn ni àbí ìṣó, òwú ni àbí iná, gọ́ọ̀mù ni àbí ọwọ́ lásán? Tẹ́ ẹ bá ti dáhùn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá ti bọ́ sí yín lẹ́nu.

Ẹ bá mi rìn ládùúgbò wa wò. Télọ̀ tó wà lójú kejì ṣọ́ọ̀bù mi ń rán apá mọ́ bùbá, tó bá sì jẹ́ aṣọ òkè ni, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn máa ń ti orí òfì bọ̀, òun ló máa rán an pọ̀ kó tó di agbádá. Wẹ́dà tó wà lẹ́bàá títì ní tiẹ̀, jíjó ló ń jó irin pọ̀, tẹ́ ẹ bá lọ sọ fún un pé kó bá yín so géètì, ó lè lọ mú okùn wá. Fọganáísà ń lẹ táyà. Ẹni tó ń ṣe wáyà iná ń lọ́ wáyà pọ̀ (tó bá lọ́ ọ tán tí ò fi téèpù wé e, ẹ pè é padà, ẹ má tíì sanwó). Onídìrí ń fi àtáṣímẹ́ǹtì kún irun, alájọ ń ro owó pọ̀, ìyá tó ń ta àgbo ń da omi ara èso pọ̀ mọ́ egbò igi. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, "join" ló máa jẹ́ lẹ́nu ọmọ tó ń kọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n kò séyìí tẹ́ ẹ lè fi dípò ìkejì nínú wọn.

Káfíńtà ló wù mí ká dúró tì díẹ̀. Mo gbé àga ṣọ́ọ̀bù mi lọ bá a torí ẹsẹ̀ kan ń mì. Ọmọ iṣẹ́ ti mú ìṣó lọ́wọ́, ọ̀gá ní kó gbé e sílẹ̀, "Ìṣó á là á." Ó gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sára igi kan, ó gé orí ìkejì kó rí bí ahọ́n, ó kì í bọ̀ ọ́, kò wọ̀ dáadáa, ó yọ ọ́, ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì fá a fẹ́ẹ́rẹ́, ó ta gọ́ọ̀mù sí i, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó fi òòlù onígi gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí n fà á. Mo fà á, fà á, kò wá. Ìyẹn ni Òyìnbó ń pè ní "joint" nídìí igi, ẹni tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní "joiner". Lọ́dọ̀ wọn, joiner àti carpenter yàtọ̀ síra, carpenter ló ń kan igi òrùlé àti igi ilé ńlá, joiner ló ń ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àtẹ̀gùn níbi tí igi ti máa ń wọnú igi. Tiwa ni pé káfíńtà kan náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kódà ó tún lè bá yín kan pósí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀gá yẹn ò lo "kàn" fún àga mi, torí kò sí ìṣó níbẹ̀. Ó ní, "Mo kì wọ́n bọra wọn."

"Joint" ti ara èèyàn rọrùn, oríkèé ni, orúnkún, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní "fish joint", ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan ni wọ́n ń sọ o, ẹ má lọ kọ "oríkèé ẹja" sára síńbọ́ọ̀dù ẹlẹ́ja. Mo ti rí i rí, kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti jáde.

Tẹ́ ẹ bá ti mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín, ó kù kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá "pọ̀" ló máa tẹ̀ lé e àbí "mọ́", ibí sì lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. "Pọ̀" wà fún àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn: rán wọn pọ̀, jó wọn pọ̀, so wọ́n pọ̀. "Mọ́" wà fún nǹkan kékeré tó wá bá ńlá tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: so ewúrẹ́ mọ́ igi, rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ sítáńbù mọ́ lẹ́tà. Kò séni tó ń so igi mọ́ ewúrẹ́. "Mọ́ra" tí màmá gáréèjì sọ ni kálukú wọn lẹ̀ mọ́ ara ìkejì, tí kò sẹ́ni tó lè dá lọ.

Ìlú wa gan-an lẹ lè fi mọ̀ ọ́n. Ṣàgámù tẹ́ ẹ ń wò yìí, ìlú mẹ́tàlá ló di ọ̀kan, ogun ló fà á, lọ́dún 1872 ni wọ́n kó wá síbi kan náà kí ọ̀tá má baà máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Para pọ̀" lẹ máa kọ níbẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló mú orúkọ ẹ̀ àti ìtàn ẹ̀ dání wá, dòní Makun ṣì ń jẹ́ Makun, Ọfin ṣì ń jẹ́ Ọfin. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé Makun "darapọ̀ mọ́" Ọfin, kó tètè wá ibi tó máa sá sí kílẹ̀ tó ṣú.

Èèyàn ló wá le jù, torí èèyàn kì í ṣe igi. Ẹgbẹ́, wíwọ̀ la ń wọ̀ ọ́, a ń wọṣẹ́ ọlọ́pàá, a ń wọṣẹ́ ṣójà, a sì ń wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ fi "darapọ̀ mọ́" sílẹ̀ fún ohun tó ní orúkọ, tó ní ìdúró, bí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ìjọ. Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú tí wọ́n máa ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí wọ́n múra bí ẹni tí ò ní gbèsè kankan láyé, ọjọ́ orí ló ń pín wọn, nítorí náà kì í ṣe pé èèyàn jí lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Ọdún tí wọ́n bí ẹ ti mú ẹgbẹ́ fún ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà kan, wọ́n gbé káàdì ọjọ́ìbí ọgọ́rin ọdún bàbá kan wá bá mi láti Ipẹru, wọ́n kọ "Join us as we celebrate" síwájú ẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe ti Yorùbá sẹ́yìn ẹ̀. Mo kọ "Ẹ darapọ̀ mọ́ wa bí a ṣe ń ṣàjọyọ̀". Igba káàdì, a ti tẹ̀ ẹ́ tán. Bàbá ọlọ́jọ́ìbí fúnra wọn gbé e sójú, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n tún wọ̀ ọ́ padà, wọ́n ní, "Darapọ̀ bíi ti báwo? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dá sílẹ̀ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń sọ ò ju "Ẹ wá bá wa yọ̀" lọ, ọmọdé tó ń kiri gan-an mọ̀ ọ́n. Mo fi owó ara mi tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀.

"Bá" yẹn lẹ gbọ́dọ̀ fi sápò. Ó ń sọ pé nǹkan ti ń lọ lọ́wọ́ kó o tó dé, o sì mú ọwọ́ tìẹ kún un: bá wa jẹun, bá wọn kọrin, bá mi gbé e, bá wọn tò sórí láìnì. Ẹni tó wọlé bá wa nídìí ẹ̀bà, a ń sọ fún un pé "Ẹ bá wa níre o", tó bá sì jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ ni, kò ní dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Tó bá wá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣáájú ẹnì kan, "jọ" lẹ máa lò: a jọ lọ, a jọ ṣe é. Joint account ni àkáùntì tẹ́ni méjì jọ ní. "Joint" tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ JAMB láti ọdún 1978 náà, ohun tó ń sọ ni pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga jọ ń gba ọmọ wọlé lójú kan dípò kí kálukú máa ta fọ́ọ̀mù tiẹ̀.

Ó yá, ibo ni "join" fúnra ẹ̀ ti wá? Èmi fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ohun tó kù lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé màmá jù mí lọ.

Kì í ṣe ọmọ bíbí ilé Òyìnbó. Lọ́dún 1066 làwọn ará Normandy láti Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ England, èdè Faransé di èdè ààfin àti kóòtù, ọ̀rọ̀ wọn sì ń jò wọnú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1300 "joindre" ti Faransé ti di "join". Faransé náà gbà á lọ́wọ́ Látìn ni, lọ́dọ̀ tiwọn "iungere" ni, ẹ pe "i" yẹn bíi "y" tiwa, "yúngere". Lábẹ́ Látìn ni ìdí kan tún wà tó ti pẹ́ ju ìwé kíkọ lọ, àwọn onímọ̀ èdè ló kó ọmọ ẹ̀ jọ láti ilẹ̀ Íńdíà títí dé Yúróòpù, wọ́n fi wọ́n wéra, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi "yeug" ni bàbá gbogbo wọn ń jẹ́.

Ohun tí ìdí yẹn ń sọ ni ká gbé igi kan lé ẹranko méjì lọ́rùn kí wọ́n lè jọ fa ẹrù tàbí ohun ìtúlẹ̀. Igi yẹn ni Látìn ń pè ní "iugum", tí Òyìnbó ń pè ní "yoke", tá a ń pè ní àjàgà. "Yoke" kò gba ọ̀dọ̀ Faransé kọjá, ilé ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pe "y" ẹ̀ ní "y" títí dòní tí ti "join" fi di "j". Lọ́dọ̀ wa níbí, ọkọ́ àti àdá la fi ń roko, a kì í fi màlúù túlẹ̀, ó dá mi lójú pé inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ yín ti kọ́kọ́ gbọ́ àjàgà. Ṣùgbọ́n màmá tí wọ́n jọ́ìn mọ́ mi ní gáréèjì ò ka ìwé kankan kó tó fi wá wé àgbò méjì tí wọ́n so mọ́ra. Màlúù ni tiwọn, àgbò ni tiẹ̀.

Ẹ wo Mátíù 19:6, "ohun tí Ọlọ́run bá so ṣọ̀kan". Nínú Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run fi wọ́n sábẹ́ àjàgà kan náà, àwọn tó túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá ò kọ "dà pọ̀", wọ́n mú "so", ọwọ́ wọn dáa. Àwọn Mùsùlùmí wa náà, síso ni wọ́n ń so yìgì. Látìn tiẹ̀ ń pe ọkọ tàbí ìyàwó ní "coniunx", ẹni tẹ́ ẹ jọ wà lábẹ́ àjàgà, ibẹ̀ ni "conjugal" ti wá (ẹni tí ò tíì gbéyàwó lè tún èyí kà).

Àjàgà náà le o. Lọ́dún 321 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Samnite, ẹ̀yà kan ní Ítálì, há àwọn ọmọ ogun Róòmù mọ́ àárín òkè ní Caudine Forks, wọn ò pa wọ́n, wọ́n kàn gún ọ̀kọ̀ méjì mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìkẹta dábùú wọn lókè, wọ́n ní kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Sábẹ́ àjàgà nìyẹn, "sub iugum", òun ló di "subjugate".

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá mọ̀lẹ́bí "join" mọ̀ nínú ìwé, ẹ wá "join", "junct", "jug", "yok" àti "zyg". Èyí tó bá ní "oi" nínú, Faransé ló gbà kọjá, "joint", "adjoin". Èyí tó ṣì jọ Látìn ló ní "junct". Conjunction tí tíṣà gírámà fi nà yín wà níbẹ̀, adjunct lecturer wà níbẹ̀, injunction tí adájọ́ ń gbé lé èèyàn lọ́rùn náà wà níbẹ̀. Zygote ti ìwé bàọ́lọ́jì gba ọ̀nà Gíríìkì wá, yoga gba ọ̀nà Íńdíà. "Junta" tí ìwé ìròyìn ń pe àwọn ṣójà tó bá gbàjọba, láti Sípéènì ni, àwọn tó para pọ̀. Àpólò ló yà mí lẹ́nu jù, àìsàn ojú pípọ́n yẹn tó jà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1969 tí Apollo 11 lọ sínú òṣùpá, táwọn èèyàn fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ̀ lọ́sibítù ni conjunctivitis, torí pé awọ fẹ́lẹ́ tó so ìpéǹpéjú mọ́ ẹyinjú ló ń ṣe.

Jọ́ńṣọ̀n náà ń kọ́? Ọmọ ilé ni. Ìńtáṣéńjì Ṣàgámù tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Benin ti pàdé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, jọ́ńṣọ̀n ńlá ni kí orúkọ míì tó dé. Yorùbá ò ní so ọ̀nà pọ̀ ṣá, ọ̀nà ń pàdé ni, ibẹ̀ sì ni oríta.

Ẹ má kó ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí wọlé. "Joy" ò bá "join" tan, "June" ò bá a tan, "junior" náà ò bá a tan. Bọ̀dá kan sì ti bá mi jiyàn nídìí ayò pé látinú "jọ" tiwa ni Òyìnbó ti jí "join" lọ, pé ẹ ò rí i ni, jọ, jọ́-ìn. Ó dùn létí, kì í ṣòótọ́. Ẹ ti rí ọ̀nà tó gbà wá, "y" ló mú bọ̀ láti ilé, ìgbà tó dé Faransé ló di "j".

Tẹ́ ẹ bá ń kọ Òyìnbó wá ńkọ́, díẹ̀ ni màá sọ. "Join with us" tá a máa ń kọ sórí fọ́ọ̀mù, ẹ yọ "with" kúrò tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹni náà wọ ẹgbẹ́. "I joined a bus" dáa láàárín ara wa, ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò. "I'll join you there", ìtúmọ̀ ẹ̀ ni màá wá bá yín níbẹ̀. Ìtúmọ̀ "enjoin" kì í ṣe ti "join", kì í sì ṣe ti "enjoy", ká pàṣẹ fúnni tàbí ká gbani níyànjú ni, kí alága ìpàdé gbọ́ o.

Orí fóònù ló kù. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ń ṣe ìpàdé lórí Zoom nísinsìnyí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìlànà fáwọn àgbà. Mo ti fẹ́ kọ "darapọ̀ mọ́ ìpàdé", mo rántí bàbá Ipẹru, àwọn náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Mo kọ "Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Join sí, kẹ́ ẹ wọlé." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá ló kọ́kọ́ yọjú, iwájú orí nìkan là ń rí, ẹnu wọn ń lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti kọ ti máìkì náà sí i.